Orúkọ kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ ẹbí rìn

Sí Olóòtú,

Mo ka àfiwéra ọkọ̀ ẹbí tí ẹ tẹ̀ jáde, níbi tí ẹ ti to Corolla, Civic, Golf, Focus, Mazda 3 àti Elantra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí bó ṣe ń rìn, bó ṣe lálòpẹ́ tó àti bóyá ó tó owó tí wọ́n ń pè é. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ lẹ fi wé orúkọ, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn. Lábẹ́ orúkọ Golf nìkan, nínú ọdún kan ṣoṣo, èèyàn lè bá oríṣiríṣi ẹ́ńjìnì, gíà tó yàtọ̀ síra, àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn (ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀) oríṣi méjì pàdé. Ẹni tó sọ pé Golf kò lẹ́gbẹ́ àti ẹni tó sọ pé Golf ti sọ òun di ará ilé mẹkáníìkì, òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, torí ibẹ̀ lẹ ti sáré kọjá jù. Níwájú, gbogbo àwọn ọkọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì wé mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní MacPherson strut, pẹ̀lú áàmù kan nísàlẹ̀. Civic ní tirẹ̀ tó yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, alápá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìran tó jáde lápá ìparí ọdún 2000 ló ti fi ìyẹn sílẹ̀ tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni ìyàtọ̀ wà. Àwọn kan ń lo torsion beam: irin gbọọrọ kan tó so táyà ẹ̀yìn ọ̀tún mọ́ tòsì, tí ó ń lọ́ díẹ̀ bí táyà kan bá gòkè tí èkejì ò gòkè. Àwọn kan ń lo multi-link: táyà kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta sí márùn-ún tirẹ̀, kò sì dúró de èkejì kó tó rìn. Tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà tí táyà ẹ̀yìn kan sì bọ́ sí kòtò láàárín kọ́nà náà, ọkọ̀ onítorsion beam sábà máa ń fo díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ á sì ta. Multi-link máa ń gbé kòtò náà mì, táyà kejì á dúró síbi tó wà.

Ford Focus tó jáde ní 1998 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé multi-link wá sọ́dọ̀ ọkọ̀ ẹbí tí kì í ṣe tolówó, wọ́n sì fi jẹ́ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù fún 1999. Volkswagen tẹ̀ lé e pẹ̀lú Golf ìran karùn-ún ní 2003. Corolla pẹ́ kó tó dé ibẹ̀: torsion beam ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Corolla ìran tó ṣáájú, àfi ìgbà tí ìran tó ń lo TNGA, àgbékalẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ tuntun ti Toyota, dé ní 2018 ni wọ́n yí i padà. Ìdí nìyẹn tí Corolla àtijọ́ àti Corolla tuntun kò fi yẹ kí wọ́n jẹ máàkì kan náà lórí rírìn. Ní ti Golf ìran keje tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, èyí tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré ní torsion beam, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ ní multi-link. Focus ìran kẹrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: bí ẹ bá rí irin kan tó gùn láti táyà dé táyà, ẹ ti mọ èyí tí wọ́n ń tà fún yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè sọ pé torsion beam ò dáa. Mazda 3 ìran kẹrin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2019, kúrò lórí multi-link padà sórí torsion beam, síbẹ̀ ó ṣì wà lára àwọn tó ń gbọ́ sítíárìn dáadáa jù. Bí wọ́n ṣe ṣètò sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin) àti táyà ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń dán ọkọ̀ tuntun wò kì í rí: torsion beam ní bọ́ọ̀ṣì ńlá méjì péré tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Multi-link lè ní mẹ́fà, méje, mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 120,000 lórí ọ̀nà tí kò dáa, rọ́bà inú àwọn bọ́ọ̀ṣì yẹn á ti sán. Multi-link tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti lọ burú ju torsion beam tó ṣì le lọ, ìdí ọkọ̀ á máa ṣe bíi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wa ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tó ti rin ọ̀nà jíjìn, tí kò sì fẹ́ náwó sí i lẹ́yìn rírà, torsion beam ni màá ní kó wá.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi irin gbọọrọ ti áàmù nítòsí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ máa wo rọ́bà náà. Rọ́bà tó dáa á yí díẹ̀, á sì padà. Èyí tó ti lọ á yọ ojú sísán, irin inú rẹ̀ á sì máa kan ti ìta. Ariwo kó-kó-kó nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá lórí kòtò kéékèèké níwọ̀nba eré, línkéèjì sitabiláísà ló sábà máa ń jẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lára gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí ìdún náà bá nípọn tó sì ń jáde nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ń gbéra, ẹ wo bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn áàmù iwájú. Bí ó bá ń dún nígbà tí sítíárìn bá ń yí lójú kan, orí ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣọ́ọ̀kì tí ọ́ìlì ti jáde lára rẹ̀ dé ìdajì, méjì-méjì la ń pa á dà, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó pa ẹyọ kan dà ti fi owó ra ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá tẹ bíréèkì.

Táyà ló yẹ kó ṣáájú gbogbo èyí. Ọkọ̀ kan náà lè wà lórí 195/65R15, 205/55R16, 225/45R17 tàbí 225/40R18. Nọ́ńbà kejì yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, tí wọ́n ṣírò lórí ìbú rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ti 195/65 jẹ́ bíi mílímítà 127. Ti 225/40 jẹ́ 90 péré. Mílímítà 37 rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbé kúrò láàárín kòtò àti ríìmù. Ọkọ̀ tó wà lórí ríìmù íǹṣì 18 á dáhùn sítíárìn kíákíá, á sì wu èèyàn lójú, ṣùgbọ́n á máa gbá èèyàn nídìí, ríìmù rẹ̀ á sì tètè tẹ̀. Bí ẹ bá wa Golf lórí 18 tí ẹ sì wa Corolla lórí 15, tí ẹ wá sọ pé Golf ń gbọ́ràn jù àti pé Corolla ń rọ èèyàn lára jù, táyà lẹ fi wé táyà. Fún ọkọ̀ ẹbí, 16 ni mo gbà pé ó bá a mu jù, bí ilé iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i fún ọkọ̀ náà tí ríìmù rẹ̀ kò sì kan bíréèkì.

Kí èèyàn tó gun ọkọ̀ méjì láti fi wọ́n wéra, kó kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí wọ́n ṣì tutù, kó sì ṣe é bí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣe sọ, torí ooru tó bá fi bíi 10°C lọ sókè máa ń gbé e sókè tó psi 1.5. Kó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kó fi ọwọ́ pa ojú táyà náà. Bó bá jẹ eteetí méjèèjì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kéré fún ìgbà pípẹ́. Àárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Etí inú nìkan, aláínìmẹ́ǹtì ti bàjẹ́ tàbí áàmù ti tẹ̀. Bó bá rí gbágun-gbàgun ní ibi púpọ̀ yíká, ṣọ́ọ̀kì ti kú.

Lẹ́yìn náà, ohun tí mi ò tíì rí kí olùdánwò kankan ṣe tó bó ṣe yẹ: ẹ kó ẹbí sínú ọkọ̀ ẹbí. Awakọ̀ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tí búùtù rẹ̀ ṣófo kò mọ nǹkan kan nípa bí ọkọ̀ yẹn ṣe máa rí nígbà tí àgbà méjì, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù bá wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ẹrù tó tó kìlógíráàmù 300 sí i, ẹ wá ọ̀nà tó ní kọ́nà gígùn tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú, ẹ fi kìlómítà 60 ní wákàtí kan gbà á. Ohun mẹ́rin ni ẹ máa wò. Ṣé ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀ débi tí iná iwájú fi ń tan ojú àwọn tó ń bọ̀? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ń fò ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn kòtò kan, dípò ẹ̀ẹ̀kan? Ṣé sítíárìn nílò àtúnṣe léraléra láàárín kọ́nà? Tí ẹ bá tẹ bíréèkì dáadáa lójú ọ̀nà tó tọ́ tó sì ṣófo, ṣé ó dúró ṣinṣin? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó dà bí ẹni pé ó rọ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tó ṣófo ló ń jó bí ọkọ̀ ojú omi nígbà tó bá kún, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní olóríkunkun sì máa ń tutù lábẹ́ ẹrù.

Sítíárìn tó wúwo kì í ṣe sítíárìn tó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn ọkọ̀ yìí ló ti kúrò lórí èyí tó ń lo ọ́ìlì sórí èyí tó ń lo iná, kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu bó ṣe máa wúwo tó. Bọ́tìnì Sport tó ń mú un le kò fi nǹkan kan kún bí táyà ṣe di ọ̀nà mú. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni bóyá ó ń padà sáàárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà, àti bóyá ààyè kan wà ní àárín tí ẹ lè yí i díẹ̀ kí ọkọ̀ má gbọ́.

Ó kan gíà, níbi tí owó ńlá ń sá sí. Oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa bá nínú àwọn ọkọ̀ yìí yàtọ̀ sí onílọ́wọ́: ọtọmátíìkì àtijọ́ tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára kọjá, bíi onípele mẹ́fà ti Mazda 3; CVT, tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ dípò ìpele gíà, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àti Civic; àti oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, tó wà nínú Golf àti Focus. Nínú oníkílọ́ọ̀ṣì méjì náà, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì àti èyí tó gbẹ. Èyí tó gbẹ ló ti dá wàhálà sílẹ̀ jù. Gíà DPS6 tí Ford fi sínú Focus àti Fiesta ní Amẹ́ríkà ń gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra, torí pé síìlì ọ̀pá gíà ń jẹ́ kí ọ́ìlì jò sórí kílọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó gbẹ, kọ̀ǹpútà gíà náà sì ń kú. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ àjọpè kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Volkswagen náà ní DQ200 onípele méje, tí wọ́n pè padà káàkiri ayé ní 2013 láti pa ọ́ìlì inú rẹ̀ dà. Arákùnrin rẹ̀, DQ250 onípele mẹ́fà, ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, ó sì le jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọ́ìlì àti fílítà tuntun ní gbogbo kìlómítà 60,000. Àwọn tó ra á ní àlòkù ló máa ń jẹ ìyà ẹni tí kò pa á dà.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọ̀tá kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò mú tán, kò sì tú tán. Ó ń yọ̀, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ààyè ṣí sílẹ̀ níwájú, kí ẹ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì dúró tán. Lórí òkè, bíréèkì ni kí ẹ fi di ọkọ̀ mú, ẹ má fi epo dì í. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí wọ́n ń tà fún yín ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wà á fún ogún ìṣẹ́jú kó gbóná. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú bíréèkì láìtẹ epo, ẹ jẹ́ kó gbéra fúnra rẹ̀ kí ẹ tún dá a dúró, bíi ìgbà mẹ́wàá. Èyí tó dáa á yọ́ lọ. Èyí tó ti lọ á gbọ̀n bí gíà kìíní ṣe ń bọ́ sí èkejì, láàárín kìlómítà 10 sí 25 ní wákàtí kan. Ẹ tún fi rìfáàsì gun òkè díẹ̀, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹ́wọ́.

Ní ti CVT, ìdí tí ó fi ń kú kì í ṣe àdììtú. Bẹ́líìtì irin ló ń rìn láàárín kẹ̀kẹ́ méjì tó ń fún un mú, ọ́ìlì rẹ̀ ló sì ń pinnu bí ó ṣe máa di ara wọn mú. Ẹni tó da ọ́ìlì ọtọmátíìkì lásán sí i ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ lè sọ pé ọ́ìlì náà wà títí ayé ọkọ̀. Èmi ò gbà, kìlómítà 60,000 sí 80,000 ló bá a mu, kí wọ́n sì wọn ún nígbà tí ọ́ìlì bá wà ní ìwọ̀n ooru tí ilé iṣẹ́ sọ. CVT tí Toyota gbé jáde ní 2018 fún Corolla onílítà 2 ní gíà gidi kan tó fi ń gbéra, bẹ́líìtì á gbà á lẹ́yìn náà, ìyẹn sì gba ìnira ńlá kúrò lọ́rùn bẹ́líìtì. Bí CVT bá ń sunkún bí ẹ ṣe ń sáré sí i, tàbí tó ń fà á tì bí ẹ bá di kìlómítà 40 sí 60 mú láìyípadà, ẹ fi sílẹ̀ fún onílé.

Ẹ́ńjìnì wàyí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ló ń darí fáfù. Bẹ́líìtì gbígbẹ ní àsìkò tí wọ́n ń pa á dà, ní kìlómítà tàbí ní ọdún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Àwọn pọ́ọ̀lì tó ń dì í mú àti pọ́ǹpù omi yẹ kí wọ́n bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣẹ́ títú rẹ̀ ló ń gbówó. Bó bá já, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, písítìnì á gbá fáfù. Ṣéènì kò ní àsìkò, ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe rò pé kì í lọ. Ó ń nà bí ọ́ìlì bá ń pẹ́ jù: ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta kẹrẹkẹrẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù láàárọ̀. Ṣéènì ẹ́ńjìnì TSI onílítà 1.4 àtijọ́ ti Volkswagen yọ èèyàn lẹ́nu débi pé nígbà tí Golf ìran keje dé ní 2012 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì EA211, bẹ́líìtì ni wọ́n padà sí.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni bẹ́líìtì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì EcoBoost onílítà 1 tí Ford kọ́kọ́ ṣe ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni PureTech onílítà 1.2 tó wà nínú Peugeot 308. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ tàbí tí kì í bá ṣe irú èyí tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀, bẹ́líìtì á rọ̀, á máa bó, èérún rẹ̀ á sì di sẹ́ẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ń gbà fà. Ẹ́ńjìnì á wá máa jẹ irin. Fún PureTech, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bẹ́líìtì náà wà níbẹ̀ tí ojú ń rí i. Ẹ máa yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ní ìlà sísán, bí etí rẹ̀ bá ń tú fọ́nrán, tàbí tó ti wú ju ìwọ̀n lọ, ẹ má tan ọkọ̀ yẹn mọ́ títí wọ́n á fi pa á dà. Irin ìwọ̀n pàtàkì kan wà tí wọ́n ń ki bọ ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wú. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ti gbé ṣéènì sínú ìran tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbàgbé pé Toyota náà ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Corolla ń mu ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì kéré jù, ó sì ń dí. Honda onílítà 1.5 onítọ́bò ní ìṣòro mìíràn níbi òtútù: epo ń wọ inú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ń ga sí i lórí ọ̀pá ìwọ̀n dípò kó máa lọ sílẹ̀, tó sì ń rùn bí epo, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó ń fi epo ṣọwọ́ tààrà sínú sílíńdà kì í jẹ́ kí epo fọ ẹ̀yìn fáfù, èédú á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Toyota tó ń fi epo sí ọ̀nà méjèèjì, sínú sílíńdà àti sẹ́yìn fáfù, bọ́ nínú èyí.

Nípa inú ọkọ̀, gbólóhùn díẹ̀ tó. Pílásítíìkì rírọ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ ni ìwọ̀n dídára. Ẹ wo etí ìjókòó awakọ̀ lápá ilẹ̀kùn, ẹ fà á láti mọ̀ bóyá irin abẹ́ rẹ̀ ń mì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wo rọ́bà rẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù wò bóyá omi ń wọlé. Mílímítà àlàfo láàárín bọ́ńẹ́ẹ̀tì àti féńdà ọ̀tún yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú tòsì. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ̀dà sábà máa ń kà láàárín 80 sí 150 máíkírọ̀n fún ọ̀dà ilé iṣẹ́. Bó bá ka 300 lójú kan, wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe.

Ìràwọ̀ ààbò tí ẹ tò sínú tábìlì nílò ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní 1997, ń mú ìdánwò náà le sí i láti ìgbà dé ìgbà. Fiat Punto gba ìràwọ̀ márùn-ún ní 2005. Nígbà tí wọ́n tún un dán wò ní 2017, kò gba ìkankan. Fún ọkọ̀ àlòkù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni ESC, tó ń dá ọkọ̀ dúró kó má yọ̀. Ó di dandan ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ ọdún 2012, ó sì di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Yúróòpù láti oṣù Kọkànlá 2014. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà yẹn ni kò ní i, àní lábẹ́ orúkọ tó ní i ní ẹ̀yà tó wọ́n jù.

Ó kù ọ̀rọ̀ owó. Ibi tí pọ́ọ́kú gidi wà ni ara àwọn ọkọ̀ tó jẹ́ ìbátan. Skoda Octavia ìran kẹta àti Golf ìran keje bá ara wọn mu lábẹ́: àgbékalẹ̀ MQB kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, gíà kan náà, àti àbùkù gíà kan náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n búùtù Octavia gba lítà 590, ti Golf gba 380, Octavia sì fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 gùn jù ú lọ. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tó ń ra Golf nítorí orúkọ, àmì iwájú ọkọ̀ ló ń ra. Pontiac Vibe, tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ NUMMI ní Kalifọ́níà láti 2002 sí 2009, ìbejì Toyota Matrix ni. Ẹ́ńjìnì Toyota ló wà nínú ìran méjèèjì rẹ̀. Pontiac ti kógbá sílé, ìyẹn sì ń mú owó rẹ̀ wálẹ̀ ní ọjà àlòkù láìmú ìwà ẹ́ńjìnì wálẹ̀.

Ìṣirò iye tí ọkọ̀ ń ná ní kìlómítà kan ló yẹ kí ẹ ṣe fún wa: owó tí a fi rà á, ẹ yọ owó tí a máa tà á, ẹ fi epo, iṣẹ́ àtúnṣe, táyà àti ọ́ìlì gíà kún un, ẹ wá fi iye kìlómítà pín in. Bí ọ̀kan bá ń mu lítà 6 ní kìlómítà 100 tí èkejì ń mu 7.5, ní kìlómítà 15,000 lọ́dún, lítà 225 ni ìyàtọ̀ wọn. Ìyẹn ò tó gbé owó gíà kan tó kú sọ́gbà. Nọ́ńbà epo tó wà nínú ìwé ọkọ̀ àtijọ́ ní Yúróòpù sì ti ìdánwò NEDC ni, tó máa ń dára ju òótọ́ lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án 2017 ni ìdánwò WLTP ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi méjèèjì wéra.

Ẹ tún fi Corolla haiburídì kún àfiwéra yín. Gíà rẹ̀ kò ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbéra ọkọ̀ tàbí bẹ́líìtì tó ń yọ̀, kò ní sítátà tàbí ọtanétọ̀ tó yàtọ̀, bíréèkì páàdì rẹ̀ sì ń pẹ́ nítorí mọ́tò iná ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdádúró. Ohun tó ń pa bátìrì rẹ̀ láìrò ni fílítà kékeré tó wà nítòsí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì ń gbà fa afẹ́fẹ́ tútù. Irun, èérún oúnjẹ àti eruku á dí i, bátìrì á gbóná. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni láti tú u kí a fọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún ẹni tó rà á.

Nígbà tí ẹ bá tún ṣe àfiwéra mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun márùn-ún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, irú gíà, irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìwọ̀n táyà tó wà lára èyí tí ẹ wà gan-an, àti iye kìlógíráàmù tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wà á. Bí àyè ìwé ìròyìn bá kéré, ẹ yọ àwòrán àwọ̀ ọkọ̀ kúrò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń bá abẹ́ ọkọ̀ ṣe